Ìlà Àkọ́kọ́ Tí Bàbá Sàídátù Kò Fọwọ́ Sí

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Ajah, tí ẹ ń wá ẹni tí yóò sọ fún yín bí ayé yóò ṣe rí ní ogún ọdún sí i, ilé Bàbá Sàídátù ni wọ́n máa júwe fún yín. Bó bá jẹ́ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́la lẹ fẹ́ mọ̀, ẹ má wulẹ̀ yà níbẹ̀.

Fàtíù Odùbánjọ lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ìdílé Odùbánjọ ló ni ilẹ̀ tí gbogbo wa kọ́lé sí. Àwọn baba wọn ti ń pẹja lórí ọ̀sà kí ẹnikẹ́ni tó lá àlá pé ẹsipirẹ́ẹ̀sì máa gba ibẹ̀ kọjá. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni olóògbé ọkọ mi ti ra ilẹ̀ tiwa. Igun ló bọ́ sí: iwájú ilé wa kọjú sí àdúgbò Odùbánjọ, ilé ìdáná wa sì kọjú sí àdúgbò tó wà lẹ́yìn wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi igun yẹn sọ́kàn. Òun ló gba ẹnì kan sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Mo ti mọ Fàtíù láti ìgbà tó jẹ́ pé orí òrùlé ló ń gbé ju inú ilé lọ. Bàbá rẹ̀ fẹ́ fún un ní ọkọ̀ àti àwọ̀n, ó ní òun ò bá ẹja ṣe. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ rédíò títún ṣe, ibẹ̀ ló gbà bọ́ sídìí iṣẹ́ dííṣì, àwọn abọ́ ràgàjì tí àwọn olówó ń gbé sórí òrùlé láti fi wo tẹlifíṣọ̀n òkè òkun. Nígbà tí ọ̀dà ẹsipirẹ́ẹ̀sì ṣì dúdú minimini, tí ilé ń hù ní Lẹ́kkí Phase 1 bí olú, òpópó tí Fàtíù ò gun òrùlé rẹ̀ níbẹ̀ ò pọ̀. Yóò dúró sókè lọ́hùn-ún, yóò máa yí abọ́ náà díẹ̀díẹ̀, ẹni tó wà ní pálọ̀ yóò máa ké pé, "Ó ti dé! Ó ti lọ! Ó ti dé!" Iṣẹ́ gidi ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fi kọ́lé, ó fi gbéyàwó, ó fi rán Sàídátù, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ, lọ sí yunifásítì. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi ti jẹ́pè Ẹlẹ́dàá. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Bó bá wà láyé, ọ̀rọ̀ yìí ì bá má délẹ̀ yìí.

Ohun tí iṣẹ́ dííṣì wá sọ Fàtíù dà nìyí: ohunkóhun tó bá ti òkè wá, ó gbà á gbọ́. Ohunkóhun tó bá gba inú ilẹ̀ wá, yẹ̀yẹ́ ni lójú rẹ̀. Èmi náà gba ohun tó ń ti òkè wá gbọ́, ṣùgbọ́n èmi mọ Ẹni tó ń rán an.

Nígbà tí orúnkún ò jẹ́ kó gun òrùlé mọ́, ó gun orí Fésíbúùkù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Òfuurufú ló pe ara rẹ̀ níbẹ̀. Láti àárọ̀, tó bá ti kí Àsùbáà tán, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, yóò máa sọ bí ayé ṣe máa rí. Ó ti sọ ọ́ rí pé tó bá fi máa di ọdún 2020, kò ní sí báńkì kan mọ́ ní gbogbo Lẹ́kkí. Ẹ lọ wo Phase 1 lónìí, ẹ ò lè sọ òkúta níbẹ̀ kó má ba ògiri báńkì. Ó ní fóònù máa tán nílẹ̀, inú etí ni wọ́n á máa gbìn ín sí. Fóònù ló fi tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó wá gbà á lọ́kàn jù lọ ni ilé iṣẹ́ òyìnbó kan tí wọ́n ní ó fẹ́ máa fi sátẹ́láìtì da íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ láti òfuurufú. Fàtíù fẹ́ràn ilé iṣẹ́ náà bí àna. Bí ẹ bá rí bó ṣe ń kọ ọ́: "Láìpẹ́ láìjìnnà, àwa máa fún gbogbo Áfíríkà ní nẹ́tíwọ́kì lọ́fẹ̀ẹ́." Àwa! Ilé iṣẹ́ tí ò mọ̀ pé wọ́n bí i. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e náà á máa kọ "Àmín" síbẹ̀. Ẹ tún wo àwọn yẹn náà: àwọn tó ń yá dátà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ fóònù kí wọ́n lè rí ibi kọ ọ́ sí pé dátà máa tó di ọ̀fẹ́.

Ṣùgbọ́n kò sí wòlíì tí kò ní alátakò. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Akínọ̀ṣọ́, tó ní ìlú òyìnbó lòun ń gbé. Ọdún mẹ́ta gbáko ni òun àti Fàtíù fi ń bá ara wọn jà tí wọn ò rí ojú ara wọn rí.

"Bàbá," Akínọ̀ṣọ́ á kọ ọ́ pé, "ohun tó ń ti òkè bọ̀, òjò á pa á, oòrùn á pa á. Kébù ni bàbá nẹ́tíwọ́kì. Abẹ́ ilẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí, kò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà."

Fàtíù á fèsì pé, "Kébù wo? Èyí tí eku ń jẹ? Ìwọ àti eku, ẹ máa ṣe ẹńjìníà lọ."

Àwọn òǹwòran á pín sí méjì, wọ́n á máa bú bàbá ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Àwọn àgbàlagbà o! Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń torí wọn jà lè kí "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta".

Báyìí la ṣe ń gbé e lọ, à ń fi í rẹ́rìn-ín, títí ọ̀rọ̀ fi kan Sàídátù.

Sàídátù ti padà sílé bàbá rẹ̀ nígbà tó bí Àníọlá, nítorí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, oṣù mẹ́fà mẹ́fà la ń rí i. Ọmọ náà ò tíì já lẹ́nu ọmú. Ọlọ́run bá a ṣe é, ó rí iṣẹ́ kan tí kò gbà kó jáde nílé: ilé iṣẹ́ kan lókè òkun tó ń ta bàtà. Ẹni tó bá ra bàtà lọ́hùn-ún tí kò bá a mu, láti Ajah níbí ni Sàídátù ti máa bá a sọ̀rọ̀ lórí láàpútọ́ọ̀pù, yóò tù ú nínú, yóò bá a pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Àléébù ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́kì. Yóò bẹ oníbàtà dé ìdajì, nẹ́tíwọ́kì á já, òyìnbó á rò pé ó fi òun sílẹ̀ ni.

Ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ bá kọ̀wé: ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, àwọn máa ṣọ́ ìlà rẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bó bá já ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, ó dàbọ̀ nìyẹn. Ó lọ béèrè àyè ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ń yá ènìyàn ní Igbó Ẹfọ̀n. Wọ́n ní àwọn ò gba ọmọ ọwọ́.

Ọmọ náà ò jókòó sunkún. Ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ kan tó ń ri kébù íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ lágbègbè wa, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yà sí àdúgbò wa. Wọ́n dáhùn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, ẹńjìníà wọn dé, obìnrin, Pẹ̀lúmi lorúkọ rẹ̀, ó dé fìlà iṣẹ́, ó mú ìwé kan dání. Gbogbo wa jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù iwájú ilé Fàtíù.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́," ó ní. "Ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú ìwé yìí. Kí onílé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fọwọ́ sí i pé a lè gbẹ́ iwájú ilé àwọn, a ó sì dí i padà. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa wá gbà á. Bí mi ò bá rí i gbà, ibòmíràn ni mo máa gbé kébù mi lọ."

Ojú gbogbo wa ti lọ sọ́dọ̀ Fàtíù. Bí a ti ń ṣe é ní àdúgbò wa nìyẹn. Ìgbà tí a gba ẹ̀rọ iná, ìgbà tí a la gọ́tà, ìgbà tí a kọ́ mọ́ṣáláṣí, ọmọ Odùbánjọ tó dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé. Ilẹ̀ wọn ni. Ẹnikẹ́ni kì í ṣáájú onílẹ̀ tẹ bíírò bọ ìwé, bí ọmọdé kì í ti í ṣáájú àgbà bu òkèlè.

"Bàbá," Yẹ̀kínì káfíńtà sọ, "ẹ ṣí i fún wa, ká tẹ̀ lé yín."

Fàtíù wo ìwé náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ìwé tí mo bá fẹ́ fọwọ́ sí, mo máa ń kà á," ó ní. "Ẹ fi í sílẹ̀."

A rò pé kíkà ló fẹ́ kà á. Ọ̀rẹ́ mi, fọ́tò ló yà á.

Kó tó di Màgàríbà, Suliat, ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn, ti fi í ránṣẹ́ sí mi: "Mọ́mì, ṣé kì í ṣe bàbá àdúgbò yín nìyí?" Òun ni. Ó ti gbé ìwé náà sí Fésíbúùkù, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wo àwọn oníkébù, wọ́n wá kúnlẹ̀ fún mi níwájú ilé mi." Ẹnikẹ́ni ò kúnlẹ̀. Pẹ̀lúmi ò tilẹ̀ gba omi mu.

Akínọ̀ṣọ́ ò jẹ́ kó tutù. Ó fèsì pé: "Ẹ kú oríire o, Bàbá. Ẹ tètè fọwọ́ sí i, kí ẹ̀yin náà lè mọ ohun tí wọ́n ń pè ní nẹ́tíwọ́kì kí ẹ tó relé."

Ohun tó ba nǹkan jẹ́ nìyẹn. Inú bí ọkùnrin náà, ó kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà pé: "Ọjọ́ tí kébù bá wọ àdúgbò Odùbánjọ, kí gbogbo ayé pè mí ní òpùrọ́!" Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn tó yìn ín. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi so ara rẹ̀ mọ́ òpó yẹn, ó wá ń wo ojú wa bíi pé àwa la so ó.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo gbé ìbòrí mi wọ̀, mo lọ bá a. Ó jókòó sí fàràǹdà, fóònù lọ́wọ́, ìwé Pẹ̀lúmi lábẹ́ ife tíì.

"Sàlámọ́ àlékùn, Bàbá Sàídátù."

"Wà àlékùn sàlámọ́. Ẹ kú dédé ìgbà yìí, Ìyá Suliat. Ẹ wá wo ohun tí ọmọkọ́mọ yìí kọ."

"Mi ò bá Akínọ̀ṣọ́ ní nǹkan. Ìwé àdúgbò ni mo bá wá."

"Ìwé wo?"

"Èyí tí ẹ fi ṣe àwo ife yẹn."

Ó gbé ife náà kúrò. Àmì roboto ti wà lórí ìwé, ó pọ́n ràkọ̀.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò lè tètè yé yín," ó ní. "Ọdún márùn-ún péré sí i, ẹ máa hú kébù yẹn jù nù bí èpò. Òkè ni gbogbo nǹkan ń lọ."

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún ọmọ yín, wọn ò fún un ní ọdún márùn-ún."

"Mo ti sọ fún Sàídátù pé kó ní sùúrù. Ilé iṣẹ́ wa ń bọ̀."

"Ṣé wọ́n mọ ọ̀nà Ajah ṣá? Àbí kí ẹnì kan lọ dúró dè wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsipirẹ́ẹ̀sì?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. "Ìyá Suliat, ènìyàn ọ̀ọ́dúnrún ló fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ mi. Ṣé kí n wá padà sọ fún wọn pé mo ti yí i?"

"Mélòó nínú wọn ló máa bá yín tọ́jú Àníọlá tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀?"

Ó lanu láti dáhùn. Fóònù rẹ̀ dún tín-ín. "Ó ti fèsì!" ni Bàbá Sàídátù wí, ó sì gbàgbé mi síbẹ̀ bí ẹni gbàgbé agboòrùn.

Lọ́jọ́ kejì, Sàídátù fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ fún un, ọmọ lẹ́yìn. Mo gbọ́ ohùn wọn láti ojú fèrèsé mi.

"Bàbá mi, ìlà kan ṣoṣo ni. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fọwọ́ sí i kí ẹ máa bú wọn lọ."

"Dìde," bàbá rẹ̀ dáhùn. "Má fi ẹkún bá mi sọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì."

Ẹkún ọmọ rẹ̀ ni ò bá sáyẹ́ǹsì mu o. Èébú Akínọ̀ṣọ́ bá a mu.

Lọ́jọ́bọ̀, mo pe Yẹ̀kínì àti àwọn onílé tó kù jọ sẹ́nu géètì mi. Mo ti lọ gba ìwé náà wá. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ìlà àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún un, ká fọwọ́ sí i láti ìlà kejì. Bó bá yá, á wá bá wa níbẹ̀."

Ẹ wo bí wọ́n ṣe wò mí.

"Ká fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo kẹ̀?" Yẹ̀kínì ní. "Òkú là ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, Ìyá Suliat. Bàbá ṣì ń mí."

"Ó ń mí lóòótọ́, ó sì ń tẹ fóònù. Ọwọ́ nìkan ni kò fẹ́ fi sí ìwé."

"Ó dáa, ẹ̀yin náà àgbà ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ká tẹ̀ lé yín."

Mo mú bíírò. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ níwájú Ọlọ́run: ọwọ́ mi ò gbé e. Mo rí bàbá Fàtíù lójú mi, bó ṣe na ọwọ́ sí ọkọ mi lọ́jọ́ tí a ra ilẹ̀ yẹn, mo sì gbé bíírò kalẹ̀. Gbogbo ẹnu tí mo fi ń bú ọkùnrin náà, ibi tó mọ nìyẹn. Àgbà mẹ́rìnlá dúró yí ìwé kan ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan mú bíírò lọ́wọ́, ẹnìkan ò kọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, nǹkan tí gbogbo wa ń fẹ́ ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé, Pẹ̀lúmi dé. Mo fi ìwé lé e lọ́wọ́. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Àmì tíì nìkan ló bá lórí rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹnì kankan ò fọwọ́ sí i? Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé pè wá?"

"Ẹnì kankan ni."

"Kí ló dé?"

Báwo ni n óo ṣe ṣàlàyé Akínọ̀ṣọ́ fún ọmọlọ́mọ? Mo ní àgbà àdúgbò ń ṣe ìwádìí.

Ó dá ìwé náà padà fún mi, ó fa òmíràn yọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé mi kọjá sí àdúgbò ẹ̀yìn. Onílé tó jẹ́ àjèjì ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tó dé lẹ́yìn tí ẹsipirẹ́ẹ̀sì ti dé. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ṣáájú ẹnìkejì. Mo ń wò wọ́n láti ilé ìdáná. Ògúnbọ̀dé tó ń tún ọ̀kadà ṣe ló kọ́kọ́ gba bíírò, ó fi ọwọ́ tó kún fún ọ́ìlì kọ orúkọ rẹ̀, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀wà tí mo gbé kaná ò tíì hó kí wọ́n tó kọ ọ́ tán.

Mo ro ẹ̀wà náà bí ẹ̀ẹ̀mejì. Ìgbà yẹn ni Ọlọ́run là mí lójú, tí mo rí ilẹ̀kùn tí mo dúró sí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gba ilẹ̀kùn yẹn da omi ìfọbọ́ nù sí àdúgbò wọn, kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé ara wọn lèmi náà jẹ́.

"Ẹńjìníà!" mo ké. "Ẹ̀yìn ilé mi yìí ń kọ́? Ọ̀dọ̀ wọn ló kọjú sí!"

Pẹ̀lúmi padà wá, ó wo ògiri, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ lè bá wọn wọ̀ ọ́, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n ìlà ti tán nínú ìwé."

"Fún mi ní etí ìwé."

Mo sọ pé bísímílláhì, mo kọ orúkọ mi sí etí ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́ìlì Ògúnbọ̀dé. Kò sí àgbà níwájú mi, kò sí ọmọdé lẹ́yìn mi. Ara mi sì fúyẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n rì í, wọ́n dí i. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n lu ihò tínńrín sí ògiri ilé ìdáná mi, wáyà kan gbà á wọlé, kò nípọn ju òwú aṣọ òfì lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, Sàídátù kó láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀, ẹní ọmọ, àpótí aṣọ méjì, ó wá sí yàrá tí Suliat ń sùn nígbà kan, tí mo ti ń kó oúnjẹ sí. Bàbá rẹ̀ wà lórí fàràǹdà nígbà tó ń kó o jáde. Ó ń kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan lórí bí Áfíríkà ṣe máa rí ní ọdún 2050. Ó rí 2050 kedere. Kò rí ọmọ rẹ̀ tó gbé àpótí kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ajé náà pé. Òjò ló jí wa, irú èyí tó ń rọ̀ láti etí òkun tí kì í wo aago. Nẹ́tíwọ́kì fóònù gbogbo àdúgbò kú fin-ín. Sàídátù jókòó láàárín àpò gààrí àti agbọ̀n àlùbọ́sà, ó gbé nǹkan ìgbọ́rọ̀ sétí. Mo pọn Àníọlá, mo ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ka gbogbo súúrà tí mo há sórí. Mo kà wọ́n tán, mo tún bẹ̀rẹ̀. Láti inú yàrá ni mo ti ń gbọ́ ohùn ọmọ náà: jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, ó ń bẹ oníbàtà kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò já. Títí di ìrọ̀lẹ́, kò já lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tó jáde sí mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ìyá Suliat, wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ."

Mo forí kanlẹ̀ níbẹ̀ tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Alihamudulilahi.

Ẹ ò ní béèrè Fàtíù? Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo gbọ́ kó-kó-kó ní ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Òun nìyẹn, ó gbé àga oníke dání láti ilé rẹ̀.

"Mo wá wo ọmọ-ọmọ mi," ó ní.

Sàídátù kí i, ó gbé ọmọ fún un, ó tún bá a tẹ páásíwọ̀ọ̀dù sínú fóònù, nítorí ọmọ tó mọ bàbá rẹ̀ ni. Ó ń bọ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn Aláásárì. Ọwọ́ kan á gbé Àníọlá, ọwọ́ kejì á máa tẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Sàídátù jókòó sínú yàrá, ó ṣí Fésíbúùkù, ó bá ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nẹ́tíwọ́kì ara ògiri mi gbé jáde: "Akínọ̀ṣọ́, kébù ti kú. Ó kù ká sin ín."

Ọmọ náà pààrọ̀ páásíwọ̀ọ̀dù.

Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn ilé. "Ìyá Suliat! Nẹ́tíwọ́kì yín ti lọ. Ṣé ẹ rí i? Mo ti sọ fún yín nípa kébù."

"Tèmi wà níbẹ̀," mo dáhùn. "Tiyín ló lọ."

Sàídátù jáde. Ó mú ìwé àdúgbò lọ́wọ́, èyí tó ní àmì tíì, ó fi bíírò lé e. Ó kúnlẹ̀ kó tó nà án sí i. "Bàbá mi, ẹ fọwọ́ sí i, màá sọ páásíwọ̀ọ̀dù tuntun fún yín."

Ó wo ìwé náà bíi pé wọ́n ní kó ta ìyá rẹ̀. Ó dìde, ó gbé àga, ó lọ. Ọjọ́ mẹ́rin la ò rí i. Àwọn tó ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá ní ó ń gbé fóònù sókè kiri àgbàlá, bíi ti ayé dííṣì, àmọ́ kò sí ẹni ní pálọ̀ tí yóò sọ fún un pé ó ti dé.

Lọ́jọ́ karùn-ún, òjò tún rọ̀, Akínọ̀ṣọ́ sì kọ ọ́ pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sá." Àga oníke ti gúnlẹ̀ sẹ́yìn ilé ìdáná mi kí òjò tó dá. Fàtíù ò kí ẹnikẹ́ni. Ó na ọwọ́, ó gba bíírò, ó fọwọ́ sí ìlà àkọ́kọ́, ó tẹ̀ ẹ́ débi pé ìwé fẹ́ ya. Sàídátù pe páásíwọ̀ọ̀dù fún un, ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló tó gba ọmọ.

Ohun tó kọ sí Akínọ̀ṣọ́ nìyí, mo fi ojú mi rí i: "Mo ti fún àwọn oníkébù láṣẹ kí wọ́n wọlé, kí gbogbo ayé lè rí bí wọ́n ṣe máa kú."

Yẹ̀kínì gbọ́ pé Bàbá ti fọwọ́ sí i, ó sáré dé pẹ̀lú pákó lórí. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi kún. Mo pe Pẹ̀lúmi. Ó ní àwọn ti parí apá ibẹ̀ lọ́dún yìí, àwọn ti ń gbẹ́ lọ sí ọ̀nà Eleko. Kí a fi ìwé náà pamọ́ di ẹ̀yìn òjò ọdún tó ń bọ̀, bí àwọn bá tún yà. Ó wà lára ògiri mi níbí, mo fi ìṣó kàn án.

Fàtíù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń mú Àníọlá jó lórí eékún tó ń dùn ún.

"Sàídátù," ó ní, "mo ti fọwọ́ sí i. Ṣé ẹ ò ní máa bọ̀ nílé báyìí?"

"Kébù ò tíì dé ibẹ̀, Bàbá mi," ọmọ náà dáhùn, ó sì padà sídìí àwọn oníbàtà rẹ̀.

Ó yíjú sí mi. Ó ní ẹsẹ̀ àga òun ti ń yẹ̀, pé ṣé mi ò ní ìjókòó kan nínú ilé tó ní ìfẹ̀yìntì, tí òun lè máa lò.

Mo ní kó ní sùúrù, pé ọ̀kan ń bọ̀ láti òkè.